Ta ló ń sọ iye ogunléndé tí Amẹ́ríkà máa gbà lọ́dún, báwo ló sì ṣe já sí 7,500?

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri. Ìwé náà ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2025 títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án 2026, gbogbo ogunléndé tí Amẹ́ríkà máa gbà láti ibikíbi láyé kò gbọdọ̀ ju 7,500 lọ. Ó tún ní àwọn Afrikaner, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà tó ń sọ èdè Afrikaans, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àyè náà wà fún. Lọ́dún tó ṣáájú, 125,000 ni iye tí wọ́n fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ti wà, kò sí ààrẹ kankan tó fi iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ààrẹ Donald Trump kéde pé òun ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí òun ń ṣọ́ lójú méjèèjì lórí bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ẹlẹ́sìn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó fi Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin kún àwọn tó dín físà wọn kù. Togo ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́ mọ́ra wọn. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé ń bèèrè bóyá 7,500 yìí kan òun. Ẹlòmíràn rò pé lọ́tìrì físà ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ti kúrò nínú lọ́tìrì yẹn láti ti ọdún 2015. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òfin tó gbé wọn dìde sì yàtọ̀ síra.

Ta ni òfin Amẹ́ríkà ń pè ní ogunléndé?

Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ ti sọ ìtàn rẹ̀: ẹni tí ogun lé dé ibi tó wà. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò fi ogun ṣe òṣùwọ̀n rárá. Ohun tó ń wò ni bóyá wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ẹni náà, tàbí bóyá ó ní ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti máa bẹ̀rù pé wọ́n máa ṣe é, nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tàbí ìsọ̀rí èèyàn tó wà nínú rẹ̀, tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Ìdí márùn-ún yìí wá láti inú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1951 àti àfikún rẹ̀ ti ọdún 1967.

Nítorí náà, ẹni tí bọ́ǹbù wó ilé rẹ̀, àmọ́ tí kò sí ẹni tó dójú lé e torí irú ẹni tó jẹ́, lè máà bọ́ sínú ìtumọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, tiwa gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: àdéhùn tí àwọn olórí ilẹ̀ wa ṣe ní ọdún 1969 lábẹ́ OAU, àjọ ilẹ̀ Áfíríkà tó di African Union lónìí, gba ẹni tó sá fún ogun àti ìdàrúdàpọ̀ ìlú gẹ́gẹ́ bí ogunléndé.

Ẹni náà sì tún gbọ́dọ̀ ti jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹni tó sá kúrò ní Gwoza tó wà nínú àgọ́ ní Maiduguri, ìyà kò yàtọ̀ lára rẹ̀ sí ti ẹni tó sọdá sí Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹni tó sọdá nìkan ni wọ́n lè pè ní ogunléndé. Àyè kan ṣoṣo ni òfin yọ sílẹ̀: ààrẹ lè dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, kó ní àwọn tó wà níbẹ̀ lè gbé ìwé wọn láti ilé. Àyè yìí ni wọ́n lò fún àwọn Júù ilẹ̀ Soviet àti fún àwọn ará Kúbà. Òun náà ni àwọn Afrikaner ń gbà wọlé báyìí, torí pé láti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ti asylum ńkọ́?

Ẹni tó ti dé ẹnubodè Amẹ́ríkà, tàbí tó ti wà nínú ìlú, tó wá ní kí wọ́n dáàbò bo òun, asylum ló ń tọrọ. Ìdí márùn-ún yẹn náà ni wọ́n máa fi ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí gbèdéke ọdọọdún lórí asylum, àwọn tí wọ́n bá sì fún kì í dín iye ogunléndé kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Afghanistan tí wọ́n kó kúrò ní Kabul lọ́dún 2021: púpọ̀ jù nínú wọn gba àyè pàjáwìrì wọlé, wọn kò sí nínú iye ogunléndé ọdún náà. Tí ẹ bá ń ka ìròyìn tó pa gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹ rántí èyí.

Báwo ni òfin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1939, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ St. Louis gbéra láti Hamburg. Èrò 937 ló wà nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Júù tó ń sá fún Hitler ni gbogbo wọn. Havana ni wọ́n ń lọ. Ìjọba Kúbà gba 28 péré. Ọkọ̀ náà darí sí etíkun Florida, ó sún mọ́ ọn débi pé àwọn èrò rí iná Miami, Amẹ́ríkà kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Òfin ọdún 1924 ti dá iye àjèjì tí wọ́n lè gbà láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun kan nínú òfin náà tó dá ẹni tó ń sá fún ikú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Wọ́n padà sí Yúróòpù. 254 nínú wọn ló kú nínú ìpakúpa tí ìjọba Hitler ṣe sí àwọn Júù.

Lẹ́yìn ogun, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ogunléndé, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wáyé ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 1948 fún àwọn tí ogun tú ká ní Yúróòpù. Ní 1956, àwọn ará Hungary. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Kúbà tó ń sá fún Castro. Nígbà tí Saigon bọ́ sọ́wọ́ àwọn kọ́múníìsì ní 1975, àwọn ará Vietnam dé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ilé aṣòfin ń ráhùn pé ìjọba kàn ń ṣí ilẹ̀kùn kí àwọn tó mọ̀ ni.

Ìyẹn ló bí òfin ogunléndé tí sẹ́nétọ̀ Edward Kennedy ṣagbátẹrù rẹ̀, tí Ààrẹ Jimmy Carter sì buwọ́ lù ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1980. Òfin yẹn ló ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Lọ́dún tó jáde yẹn, ogunléndé 207,116 ni Amẹ́ríkà gbà, kò sì tíì tún gba iye tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan mọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé náà ni Castro ṣí èbúté Mariel. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, nǹkan bí ará Kúbà 125,000 bá ọkọ̀ ojú omi dé Florida. Àwọn olórìṣà Lùkùmí, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn Yorùbá ní Kúbà, wà lára wọn, wọ́n gbé Ṣàngó, Yemọja àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ kọjá òkun lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n òfin tuntun náà kò ro ti ẹni tó kàn dédé dé sí etíkun lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ báyẹn. Orúkọ mìíràn ni wọ́n wá fún wọn, wọn kò kà wọ́n mọ́ ogunléndé ọdún náà.

Ṣé ààrẹ nìkan ló ń dá iye náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni, ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn lórí 7,500 yìí wà. Ọdún ìṣúná Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Òfin ní kí ọjọ́ yẹn tó pé, ààrẹ gbọ́dọ̀ bá ilé aṣòfin fikùn lukùn. Kì í ṣe pé kó kàn fi lẹ́tà ránṣẹ́: mínísítà tàbí ẹni tó wà ní ipò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fojú kan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin nílé méjèèjì, kó gbé àlàyé kalẹ̀ fún wọn nípa bí ogunléndé ṣe pọ̀ tó láyé, iye tí ìjọba fẹ́ gbà, ohun tó máa ná wọn, àti ìdí tó fi ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní. Lẹ́yìn èyí ni ààrẹ máa buwọ́ lùwé.

Ohun tí òfin kò sọ ni pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ gbà. Wọn kì í dìbò lé e. Wọ́n lè bínú, wọ́n lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú, iye tí ààrẹ bá fẹ́ ló máa wà níbẹ̀. Agbára gidi tó wà lọ́wọ́ wọn ni owó, torí àwọn ló ń ya owó tí wọ́n fi ń ṣe ètò náà sọ́tọ̀.

Nínú ìwé ààrẹ, wọ́n sábà máa ń pín iye náà sí agbègbè: Áfíríkà, Ìlà-Oòrùn Éṣíà, Yúróòpù, Látìn Amẹ́ríkà, Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ibi tí ọ̀ràn bá ti ṣẹ́yọ. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń pa ọ̀nà yìí tì. Ní ọdún ìṣúná 2020, nínú 18,000, wọ́n fi 5,000 sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ẹ̀sìn, 4,000 fún àwọn ará Iraq tó bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, 1,500 fún El Salvador, Guatemala àti Honduras, tí gbogbo ayé yòókù sì pín 7,500. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu lórí ti ọdún 2026 ni pé ẹ̀yà kan ni wọ́n dárúkọ fún ọ̀pọ̀ àyè náà.

Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Democrat sọ pé ìjọba kò bá àwọn jókòó kí wọ́n tó buwọ́ lùwé náà. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ku díẹ̀ kí oṣù Kẹwàá parí kí aráyé tó rí i.

Tí gbèdéke bá jẹ́ 125,000, ṣé èèyàn 125,000 ló wọlé?

Rárá o. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Gbèdéke ń sọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá, kò sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹ wo àwọn ọdún díẹ̀ wọ̀nyí. Ní 2002, lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé gogoro méjì ní New York, 70,000 ni gbèdéke, nǹkan bí 27,000 ló wọlé. Ní 2016 lábẹ́ Obama, 85,000 ni gbèdéke, 84,994 wọlé, ìyẹn ni pé ó ku mẹ́fà kó pé. Ní 2022 lábẹ́ Biden, gbèdéke gòkè dé 125,000, àmọ́ 25,465 péré ló rí i wọ̀.

Kí ló fà á tí ìlẹ̀kùn fi ṣí gbayawu tí èèyàn kò wọlé? Ìdáhùn wà nínú ìrìnàjò ẹnì kan ṣoṣo. Ká ní obìnrin kan sá kúrò ní Bukavu ní Kóńgò, tó ti wà nínú àgọ́ ní Uganda fún ọdún mẹ́wàá. Òun kọ́ ló máa lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé, ló máa yan àwọn tí kò lè padà sílé tí wọn kò sì lè dúró síbi tí wọ́n wà, tí yóò fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà bẹ̀ lọ́wẹ̀ máa gba ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà máa rìnrìn àjò wá síbẹ̀ láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á yẹ orúkọ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá abẹ́nú, àwọn ológun àti àwọn agbófinró. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ kan ní Amẹ́ríkà á gbà pé òun máa gbà á lálejò ní ìlú kan. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, owó àyálò sì ni tíkẹ́ẹ̀tì náà, yóò san án padà nígbà tó bá ríṣẹ́. Ọdún kan àbọ̀ sí méjì ni gbogbo èyí sábà máa ń gbà, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tó máa kú. Àyẹ̀wò dókítà kì í kọjá oṣù mélòó kan. Àyẹ̀wò ààbò náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Tí ìjọba bá dá ètò dúró fún oṣù mẹ́ta, ìwé kan á kú, wọ́n á tún un ṣe. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, èkejì á ti kú. Tí obìnrin náà bá bímọ nínú àgọ́ láàárín ìgbà yẹn, fáìlì ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá ti ìyá mu kí ẹnikẹ́ni tó lè gbéra.

Lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà náà, iye orí ogunléndé tó bá dé ni ìjọba fi ń sanwó fún àwọn àjọ tó ń gbàlejò wọn. Nígbà tí Trump rẹ gbèdéke sílẹ̀ láti 110,000 sí 50,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, tó sì ń dín in kù lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà fọ́n ká. Àrùn Kòrónà tún wá dé. Nígbà tí Biden gorí àlééfà, gbèdéke 15,000 ló bá nílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2021, ariwo sọ, ó sì gbé e sí 62,500 ní oṣù Karùn-ún. Síbẹ̀, 11,411 ló wọlé lọ́dún yẹn. Ó di 2024 kí àwọn tó wọlé tó lé ní 100,000, àwọn ará Kóńgò Kinshasa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ààrẹ kan lè fi ìbuwọ́lùwé kan wó ètò yìí lọ́jọ́ kan. Ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún un kọ́.

Kí nìdí tí wọ́n fi mú àwọn Afrikaner?

Lọ́jọ́ tí Trump búra wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ogúnjọ́ oṣù Kìíní 2025, ó buwọ́ lu àṣẹ tó dá gbogbo ètò ogunléndé dúró. Ó lé ní èèyàn 100,000 tí wọ́n ti gba ìwé wọn wọlé dé ààyè kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọ́n fagi lé e. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì, ó tún buwọ́ lu àṣẹ mìíràn tó ní kí wọ́n ran àwọn Afrikaner lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, 59 àkọ́kọ́ nínú wọn balẹ̀ sí pápákọ̀ Dulles nítòsí Washington, igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Christopher Landau, sì lọ pàdé wọn.

Ohun tí ìjọba Trump sọ ni pé wọ́n ń pa àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun, àti pé òfin ilẹ̀ tí Ààrẹ Cyril Ramaphosa buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2025 lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìsan owó. Trump tiẹ̀ pè é ní ìpakúpa ẹ̀yà. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ní irọ́ ni: ìwà ọ̀daràn tó wà ní oko ń pa dúdú pa funfun, òfin náà kò sì dárúkọ ẹ̀yà kankan. Wọ́n ń tọ́ka sí i pé aláwọ̀ funfun kò ju nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nílẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ìjọba lọ́dún 2017 fi hàn pé ìdá 72 nínú ilẹ̀ oko tó jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ohùn àwọn tó fara mọ́ gbèdéke kékeré, kí sì ni ti àwọn tó takò ó?

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní àwọn àjèjì ti kún àwọn ìlú kan jù, débi pé ilé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n ní ẹni tó lè tètè bá ìlú mu ló yẹ kí wọ́n gbà, àti pé owó tí wọ́n fi ń gbé ẹnì kan wá sí Amẹ́ríkà lè bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nítòsí ilé wọn. Wọ́n tún ń tẹnu mọ́ ọn pé òfin fi ìpinnu náà sọ́wọ́ ààrẹ, aráàlú ló sì dìbò yàn án.

Àwọn tó takò ó ní kò sí àlejò tí Amẹ́ríkà ń tú inú rẹ̀ wò bíi ogunléndé. Lórí owó, wọ́n ń tọ́ka sí ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní 2024: láàárín 2005 sí 2019, owó tí ogunléndé àti àwọn tó gba asylum mú wọlé fi bílíọ̀nù 123.8 dọ́là ju ohun tí ìjọba ná lórí wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tó dùn wọ́n jù ni ti ẹ̀yà. Ìjọ Episcopal, tó ti bá ìjọba gba ogunléndé lálejò fún nǹkan bí ogójì ọdún, sọ ní oṣù Karùn-ún 2025 pé ẹ̀rí ọkàn àwọn kò jẹ́ kí àwọn lè gba Afrikaner nígbà tí àwọn tó ti ń dúró nínú àgọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò rí àyè. Wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

UNHCR ní àwọn tó nílò kí wọ́n kó wọn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní 2026 tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ogunléndé ayé: Uganda nìkan gba ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ.

Ṣé kóòtù lè dá sí i?

Ó lè dá sí apá kan. Ní oṣù Kejì 2025, Adájọ́ Jamal Whitehead ní Seattle ní ààrẹ kò lágbára láti fòpin sí ètò tí ilé aṣòfin gbé kalẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá èyí tó pọ̀ jù nínú àṣẹ rẹ̀ dúró ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń ti ìjọba lẹ́yìn ni ẹjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní 2018, pé òfin fún ààrẹ ní ọwọ́ tó gùn láti sọ àjèjì tí kò gbọdọ̀ wọlé. Kò sì sí adájọ́ tó lè sọ fún ààrẹ pé iye báyìí ni kó kọ sílẹ̀.

Àwọn tó ti wọlé pàápàá kò tíì bọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n tún fáìlì àwọn ogunléndé tó wọlé nígbà Biden yẹ̀ wò, wọ́n lé ní 200,000, kí wọ́n sì dá green card wọn, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí èèyàn máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ, dúró ná.

Ǹjẹ́ ó kan Nàìjíríà?

Kò kan ẹni tó ń wá físà ìwé, iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó. Bí wọ́n ṣe fi Nàìjíríà sínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ lórí ẹ̀sìn kò ṣí ọ̀nà ogunléndé fún Kristẹni tàbí Mùsùlùmí kankan, torí pé òfin mìíràn ni, ìwé 7,500 sì ni ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ ṣì máa bá pàdé.

Ṣùgbọ́n ètò yìí ti kan wa rí. Lẹ́yìn tí ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá 1995, àwọn Ògóni sá gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin. Inú àgọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wọn wà ní Chicago títí di òní. Nínú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Áfíríkà láwọn ọdún yẹn ni wọ́n bá wọlé. Lónìí, àwọn ará Kamẹrúùnù tó sá fún ogun wá sí Ogoja àti Benue ló wà nílẹ̀ wa ní irú ipò tí àwọn Ògóni wà nígbà náà.

Kí ló kàn báyìí?

Iye 7,500 máa parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án 2026. Òfin fún ààrẹ láyè láti fi kún un kó tó dìgbà yẹn bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Tí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá bá sì dé tí ààrẹ kò tíì buwọ́ lu ìwé tuntun, ti ọdún tó kọjá kò ní máa ṣiṣẹ́ lọ: kò sẹ́ni tó máa wọlé rárá. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2019. Gbogbo oṣù Kẹwàá ni ìwé fi wà nílẹ̀ láìní ìbuwọ́lùwé, wọ́n fagi lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ti ta ẹrù wọn tí wọ́n sì ti gbé ilé fún ẹlòmíràn nínú àgọ́ padà lọ tọrọ ibi tí wọ́n máa sùn.